Ọ̀nà Tí A Fọwọ́ Là, Ọ̀nà Tí A Bá Nílẹ̀

Ní Yábàá, àdúgbò àwọn oníkóòdù ní Èkó, ẹni tó ṣe ojú òpó tó rẹwà là ń yìn. Ẹni tó kọ kóòdù tó ń gba owó wọlé, a ń yin òun náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ èyí tó ń mọ ibi tí àlejò ń lọ, tó sì ń mú un débẹ̀, a kì í rántí rẹ̀ àfi lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá dí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, orí iṣẹ́ rẹ̀ ni gbogbo ìyókù dúró lé. Bí ẹnì kan bá jókòó sí Mùṣin, tó tẹ àdírẹ́sì ojú òpó kan sórí fóònù rẹ̀, ìbéèrè ló fi ránṣẹ́ sí sáfà kan tó ṣeé ṣe kó wà ní Jámánì tàbí Amẹ́ríkà. Kóòdù kan gbọ́dọ̀ wà lórí sáfà náà tí yóò ka àdírẹ́sì yìí, tí yóò mọ iṣẹ́ tó bá a mu, tí yóò sì fa ìbéèrè lé e lọ́wọ́. Route ni àwa tó ń ṣe iṣẹ́ náà ń pè é. Ó pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀, láti ìgbà tí olúkúlùkù ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ la ọ̀nà tirẹ̀. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń pè mí fún jù ni pé kí n wá bá wọn kó ọ̀nà àfọwọ́là wọn kúrò, kí n fi èyí tó wà nínú framework, ìyẹn àkójọ kóòdù tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ojú òpó, rọ́pò rẹ̀. Mo fara mọ́ ọn. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kánjú ṣe é ló ń kọ mí lóminú.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé máa ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá ṣí irú kóòdù àtijọ́ bẹ́ẹ̀ wò: fáìlì kan gbọọrọ bí oṣù mẹ́ta, if lórí if, àwọn àmì tí kò sẹ́ni tó mọ ìdí wọn mọ́. Mo máa ń ní kí wọ́n rọra. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà tí wọ́n ń wò yẹn, aṣọ ọdún ni lọ́jọ́ tí a dá a.

Nígbà tí Rasmus Lerdorf gbé èdè kóòdù PHP síta ní 1995, ojú ìwé kan, fáìlì kan ni. Bí ojú òpó rẹ bá ní ogójì ojú ìwé, ogójì fáìlì lo máa kọ. Bí nọ́ńbà fóònù ilé-iṣẹ́ bá sì yí padà, ogójì ibi lo máa wọ̀ lọ tún un ṣe. Ìyẹn ló sún wa dé orí fáìlì kan ṣoṣo tí gbogbo ìbéèrè ń gbà wọlé, tí a ń kọ àmì ìbéèrè àti orúkọ ojú ìwé sí ìdí àdírẹ́sì. Ó yá lọ́wọ́, ó sì léwu. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gba orúkọ tí àlejò bá kọ láìyẹ̀ ẹ́ wò, tí olè á wá fi àmì díẹ̀ jáde kúrò nínú àpò fáìlì ojú òpó náà, títí tí yóò fi ka fáìlì tí páásìwọ́ọ̀dù wà. Lẹ́yìn náà la kọ́ bí a ṣe ń lo mod_rewrite, èyí tí Ralf Engelschall kọ fún sáfà Apache ní 1996. Ìgbà yẹn ni àdírẹ́sì wá mọ́, tó di ohun tí oníbàárà lè kà fún ẹlòmíràn lórí fóònù. Àmọ́ òfin tó ń tọ́ àdírẹ́sì mímọ́ náà sọ́nà, a ní láti kọ ọ́ fúnra wa, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn.

Framework ò ṣàì sí nígbà náà. Rails jáde ní 2004, Django àti Symfony ní 2005, CodeIgniter ní 2006, gbogbo wọn ló sì gbé ọ̀nà tiwọn dání. Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ wa ò gbà á? Títí di nǹkan bí 2010 tí okùn Glo àti ti MainOne bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, okùn abẹ́ òkun SAT-3 tó wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù NITEL nìkan ló so orílẹ̀-èdè yìí mọ́ ayé. Ìyókù, sátẹ́láìtì tó wọ́n bí ojú. Wákàtí là ń rà ní sáíbà kafé. Sáfà olówó pọ́ọ́kú tí agbára oníbàárà ká kì í gbà ju fáìlì tí o bá gbé síbẹ̀ lọ. Nígbà tí Laravel, tí Taylor Otwell gbé jáde ní 2011, wá dé ẹ̀dà kẹrin ní 2013, Composer ló gbára lé, Composer sì gbọ́dọ̀ lọ kó fáìlì jọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì kí ohunkóhun tó lè ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀, tí NEPA ti mú iná rẹ̀ lọ láti àárọ̀, tó ń fi pẹtiróòlù ara rẹ̀ tan jẹnẹrétọ̀, ó níláti rò ó kó tún un rò. Kóòdù tó lè kọ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, tó lè gbé sínú fláàṣì lọ bá oníbàárà, òun ló bá àpò rẹ̀ mu. Mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni pe ìyẹn ní àìmọ̀.

Yábàá wá yí padà. Co-Creation Hub (CcHub), ibùdó àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, ṣí sí Herbert Macaulay Way ní 2011, Andela tó ń kọ́ àwọn oníkóòdù dé ní 2014, nígbà tó sì di oṣù kẹjọ ọdún 2016 tí Mark Zuckerberg tó ni Facebook wá kí àwọn èèyàn CcHub, gbogbo ayé ti gbọ́ orúkọ àdúgbò wa. Àwọn ọmọ YabaTech àti Yunifásítì Èkó tó ń wọṣẹ́ lásìkò yẹn, inú framework ni wọ́n ti là lójú. Mo rò nígbà yẹn pé èrè tó wà níbẹ̀ kò ju kí iṣẹ́ yá lọ. Ọdún ń gorí ọdún ni mo tó rí i pé ohun tó tóbi jù lọ ni pé a wá ń sọ èdè kan náà. Ẹni tó kúrò nílé-iṣẹ́ kan ní Sábó lọ sí òmíràn ní Sùúrùlérè, lọ́jọ́ tó bá dé ló máa ṣí fáìlì web.php nínú àpò routes. Yóò rí gbogbo àdírẹ́sì tí ojú òpó náà ń dáhùn, iṣẹ́ tó ń dáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti irú ẹni tó gbọ́dọ̀ ti wọlé kó tó rí i. Kò nílò kó bi ẹnikẹ́ni. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Àwa tí a fi ọ̀pọ̀ ọdún dá rìn, a mọ irú ìyà tí òwe yẹn ń sọ.

Mo rántí ojú òpó ilé-ẹ̀kọ́ kan. Ọmọkùnrin tó kọ ọ́ ní làákàyè gan-an, mo ṣì máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Òun ló dá gbogbo òfin ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀: lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú àdírẹ́sì dúró fún ẹ̀ka ẹ̀kọ́, nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e dúró fún irú ojú ìwé, nọ́ńbà kẹta dúró fún ọdún. Ó kúrú, ó yá, kò sí ọ̀rọ̀ àsọtúnsọ nínú rẹ̀. Kò sì kọ ìlà kan ṣoṣo sílẹ̀ tó ṣàlàyé rẹ̀. Físà Kánádà rẹ̀ dé, ó lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé-ẹ̀kọ́ náà dá ẹ̀ka tuntun sílẹ̀, lẹ́tà tí wọ́n fún un sì bọ́ sórí èyí tí òfin ọ̀hún ti lò fún nǹkan mìíràn. Ọmọ tó fẹ́ sanwó ilé-ẹ̀kọ́ ń bá ara rẹ̀ lójú ìwé èsì ìdánwò. Ọmọ tó ń wá èsì ìdánwò ń rí fọ́ọ̀mù ilé gbígbé. Àwọn tí wọ́n fi sídìí kóòdù náà ń wo ara wọn lójú, ẹni tí wọn ì bá sì bi wà ní Tòróńtò, òru ni lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ọgbọ́n ọmọkùnrin yẹn pọ̀, ṣùgbọ́n ti òun nìkan ni, kò sí ti ẹlòmíràn nínú rẹ̀ tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè dì mú.

Àwọn kan mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti bá wọn ṣiṣẹ́. Wọ́n á ní bí iṣu ẹni bá ta, a fọwọ́ bò ó jẹ. Pé ọjọ́ tí ẹlòmíràn bá lè ka kóòdù àwọn, ọjọ́ náà ni ọ̀gá máa rí ẹni tó máa gba owó tó kéré síṣẹ́. Mo mọ ìyà tó ń bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Èkó yìí, owó oṣù lè má dé fún oṣù méjì, kí wọ́n sì ní kí o máa bọ̀ lọ́la. Ṣùgbọ́n òwe yẹn, ẹni tó ni iṣu ló ń bá wí. Ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ kó gbin iṣu sóko olóko, tó wá bo ọ̀nà oko mọ́ olóko lójú, àwọn tó ń fìyà jẹ kọjá ọ̀gá rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yẹn ò jẹ ẹ́ lówó kankan.

Nítorí náà, ẹ̀yìn framework ni mo wà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ti gba ọ̀nà rẹ̀ kọjá, ihò tó wà níbẹ̀, ẹlòmíràn ti jìn sí i, wọ́n sì ti dí i. Ó mọ ìyàtọ̀ láàárín GET tó kàn fẹ́ wo nǹkan àti POST tó fẹ́ yí nǹkan padà. Bí o bá pa àṣẹ route:list fún Laravel, yóò ka gbogbo ọ̀nà rẹ sílẹ̀ lójú kan náà. Ìyẹn nìkan ti tó ìdí láti kó lọ.

Àmọ́ ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ. Oníṣòwò bàtà kan ní Sùúrùlérè gba àwọn ọ̀dọ́ láti kó ojú òpó rẹ̀ bọ́ sínú Laravel. Wọ́n fi òpin ọ̀sẹ̀ kan ṣe é, ó mọ́ lójú, ó sì yá. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, owó ń wọ báǹkì, ṣùgbọ́n gbogbo bàtà tí wọ́n rà ń jókòó sí abẹ́ àkọlé pé wọn ò tíì sanwó. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í pè, wọ́n ń bú oníṣòwò náà ní olè. Kí ló ṣẹlẹ̀? Bí ẹnì kan bá sanwó, sáfà ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó máa ń fi POST ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì kan pé owó ti wọlé. Laravel sì ní ẹ̀ṣọ́ kan lẹ́nu ọ̀nà: POST èyíkéyìí tí kò bá mú àmì tí ojú ìwé tiwa gan-an fún un dání, yóò fi àmì àṣìṣe 419 lé e padà. Ó tọ̀nà kó ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn ẹlẹ́tàn a máa lo ẹni tó ti wọlé láti fi rán iṣẹ́ tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ibo ni sáfà ilé-iṣẹ́ owó ti fẹ́ rí àmì yẹn? Nínú kóòdù àtijọ́, ìlà kan wà tó yọ àdírẹ́sì náà sọ́tọ̀, tó sì ń yẹ òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ owó wò dípò rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ti kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Wọ́n kà á sí pàǹtí, wọ́n gbá a dànù. Framework fúnra rẹ̀ ní àyè tí a ti ń kọ irú ìyọ̀sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìlà kan náà ni. Kò kàn sẹ́ni tó béèrè ohun tí ìlà àtijọ́ ń ṣe.

Irú ìlà bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú ọ̀nà àfọwọ́là, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ àpá ibi tí ẹnì kan ti fara pa rí. Ọ̀kan ń gba àdírẹ́sì tí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ sára bébà nígbà kan. Òmíràn ń jẹ́ kí ojú ìwé ọjà tuntun ṣáájú ojú ìwé ọjà èyíkéyìí. Bí a bá yí i sódì, framework á rò pé “tuntun” ni orúkọ ọjà, á máa wá a kiri, á sì ní kò sí.

Àdírẹ́sì fúnra rẹ̀ ló tún dùn mí jù. Western Avenue ní Sùúrùlérè ti di Funsho Williams Avenue láti ọdún gbọọrọ, ṣùgbọ́n bí o bá wọ dánfó lónìí tí o sọ pé Western Avenue lò ń lọ, wọ́n á gbé ọ débẹ̀. Kò sí kọ̀ǹdọ́kítọ̀ tí yóò wí fún ọ pé irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ò sí láyé mọ́. Ohun tí à ń ṣe sí àlejò lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn o, nígbà tí a bá kó ọ̀nà tuntun wọlé tí a ò fi 301 sórí ti àtijọ́ kó máa júwe ibi tuntun. 404, pé ojú ìwé náà kò sí, là ń fi pàdé wọn. Tim Berners-Lee, ẹni tó dá wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀, ti kọ ọ́ láti 1998 pé àdírẹ́sì tó dára kì í yí padà. Mo mọ obìnrin kan tó ń ta aṣọ òkè, tó ti tẹ àdírẹ́sì ojú òpó rẹ̀ sára báàgì tí wọ́n ń pín níbi ìnáwó, tí àwọn ọmọ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp. Wọ́n tún ojú òpó náà kọ, wọ́n yí gbogbo àdírẹ́sì padà nítorí pé ti tuntun bá àṣà framework mu jù. Oníbàárà ò pariwo. Wọ́n kàn ń lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ó sì pẹ́ kí ìyá náà tó mọ̀ pé ọjà òun ti fà sẹ́yìn.

Ibì kan sì wà tí mi ò ní gbà kí framework dá ìpinnu ṣe fún wa. Àwọn tó kọ wọ́n kì í kọ èdè Yorùbá. Bí o bá ní kí Laravel tàbí Django fi àkọlé ṣe àdírẹ́sì, bí a ṣe bá wọn nílẹ̀, wọ́n á bọ́ gbogbo àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà kúrò: ọkọ̀, ọkọ́ àti oko yóò di “oko” kan náà, ìtàn kan á sì máa jókòó lórí àdírẹ́sì ìtàn mìíràn. Láti ìparí 2015 ni Django ti fi àyè gba lẹ́tà tó yàtọ̀ sí ti Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ àmì ohùn orí ọ́ ṣì ń já bọ́ níbẹ̀. Ìṣòro míì tún wà tí ojú kì í rí: ọ lè jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo lójú kọ̀ǹpútà, ó sì lè jẹ́ o tí wọ́n fi àmì kan sí nísàlẹ̀. Lójú tèmi tìrẹ, ọ̀kan ni. Lójú sáfà, méjì ni, fóònù kan á sì rí ojú ìwé tí fóònù kejì kò rí. Kóòdù tó ń sọ méjèèjì di ọ̀kan kí àdírẹ́sì tó dé ọwọ́ framework, ẹ jẹ́ ká kọ ìyẹn fúnra wa. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ dáadáa, ká kọ àlàyé rẹ̀ sílẹ̀, ká fún ẹlòmíràn lò. Iṣẹ́ tí ọgbọ́n wa yẹ kó lọ nìyẹn.

Wọ́n máa ń bi mí pé ṣé framework náà kì í yí padà ni. Ó ń yí. Ní 2016, Laravel kó fáìlì route lọ sí àpò tirẹ̀. Ní 2020, ó yí bí a ṣe ń dárúkọ àwọn tó ń dáhùn ìbéèrè padà. React Router yọ Switch kúrò ní 2021, Next.js sì mú àpò app wá ní 2022 sẹ́gbẹ̀ẹ́ pages tí gbogbo wa ti mọ̀. Ó ń dáni lágara. Ṣùgbọ́n wọ́n ń kéde rẹ̀ ṣáájú, wọ́n ń kọ ìwé ìtọ́sọ́nà fún un, àìmọye èèyàn sì ni ìyípadà náà ń bá lọ́jọ́ kan náà, tí wọ́n jọ ń wá ojútùú. Ìyípadà tó bá ọ̀nà àfọwọ́là, ìwọ nìkan ló ń bá.

Ní ti àwọn ọ̀dọ́, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí àwọn tó ń kọ́ wọn. Kí wọ́n tó fi framework lé wọn lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn la ọ̀nà kékeré kan, kí wọ́n ka ìbéèrè HTTP bó ṣe wọlé, kí wọ́n wá jù ú nù. Mo rí ọmọ kan tó gba 405, tó fi odindi ọjọ́ kan tú kóòdù tí kò ṣe é ní nǹkan kan palẹ̀. Ohun tí 405 ń wí ni pé àdírẹ́sì wà, ọ̀nà tí o gbà béèrè ni kò bófin mu: fọ́ọ̀mù rẹ̀ ń rán POST, route rẹ̀ ń retí GET. Ẹni tó ti la ọ̀nà rí kì í ṣìnà síbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń báni kọ kóòdù náà ti dé báyìí, ọ̀nà framework ló sì kọ́. Bí o bá fi ọ̀nà àfọwọ́là tìrẹ hàn án, yóò fi ìdánilójú kọ èyí tí kò tọ́ sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ni ilé-iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó gbà kí ẹnikẹ́ni kó ọ̀nà àtijọ́ dànù, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ kọ gbogbo àdírẹ́sì tí ojú òpó yín ti dáhùn rí sílẹ̀: èyí tó wà nínú kóòdù, èyí tó wà nínú àkọsílẹ̀ sáfà, èyí tó wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń bá yín gba owó, èyí tí ẹ tẹ̀ sára báàgì. Ẹ ní kí wọ́n dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò kí ọ̀nà tuntun tó ṣí, kí wọ́n tún dán an wò lọ́jọ́ kejì. Bí ẹnikẹ́ni bá ní iṣẹ́ náà ò ju ọjọ́ méjì lọ, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má sì fi owó ọ̀sẹ̀ méjì náà dù ú.